Eré tí wọ́n gbé wá sí Ìkéré

Àwọn onítíátà kan wá sí Ìkéré lọ́sẹ̀ tó kọjá o, àwọn tó máa ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, búùsì kan ló kó gbogbo wọn, tìlù taṣọ, jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀. Eré wọn dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń dàgbà, bàbá ẹ̀ ní dókítà ló máa ṣe, ìyá ẹ̀ ní kó ṣá gbọ́ ti bàbá ẹ̀, àmọ́ igi ló wu òun láti máa gbẹ́. Igi o! Obìnrin!

Ẹ sì mọ̀ wá l'Ékìtì. Òbí á ta ilẹ̀ kí ọmọ lè kàwé, mi ò sì ní bú ẹnikẹ́ni torí ẹ̀, owó kòkó ló rán èmi náà lọ sí yunifásítì. Àmọ́ nígbà tọ́mọ yẹn kúnlẹ̀, tí ò gbójú sókè, tó ní "Bàbá mi, ẹ má bínú, iṣẹ́ tẹ́ ẹ yàn fún mi dáa, ọkàn mi ni ò sí níbẹ̀," gbogbo họ́ọ̀lù pa lọ́lọ́. Ohun tó wù mí jù ni pé wọn ò sọ bàbá náà di òǹrorò. Ó ṣàlàyé bí òun ṣe fi ìwé mẹ́fà parí ẹ̀kọ́ nítorí àìlówó, ẹ̀rù ló ń bà á, gbogbo wa la mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà wá bi í pé ta ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, àwọn èèyàn bá pariwo "Ọlọ́wẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n gbé lọ fi ṣe àfihàn ní Wembley nílùú Òyìnbó ní 1924, tó ṣì wà ní British Museum ní London títí dòní. Èmi wá ń rántí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí tí wọ́n bí ní 1925, tíṣà lòun náà kó tó gba iṣẹ́ tíátà.

Ìparí eré yẹn nìkan ni ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ká tó ṣẹ́jú, ọmọ ti lówó, ó ti ra mọ́tò fún bàbá ẹ̀, wọ́n ń jó. Tí ò bá wá lówó ńkọ́, ṣé ó ti ṣìnà nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin òṣèré, kẹ́ ẹ tó dé Ìkọ̀lé, ẹ yọ mọ́tò yẹn kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí bàbá gba ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀, kó fọwọ́ pa á, kó bi í pé báwo lo ṣe ṣe ibí yìí.