Bí A Ṣe Lu Gbàǹjo Àánú Láàárín Ẹgbẹ́ Wa Lórí WhatsApp

Ẹgbẹ́ wa tí ó ń pàdé lórí WhatsApp nítorí ìfẹ́ aṣọ òkè, àdìrẹ àti àwọn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá mìíràn pinnu láti lu gbàǹjo kan, kí a lè fi owó rẹ̀ ra oògùn kí a sì san owó ìtọ́jú fún àwọn ọmọdé tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell). Èmi ni wọ́n ní kí n darí ètò náà. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti ń béèrè ọ̀nà tí a gbà ṣe é, nítorí náà ni mo fi fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, pàápàá àwọn ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti ronú dáadáa kí ó tó pàtẹ ọjà kankan.

Àrùn yìí kì í ṣe èyí tí owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ń parí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Ọmọ tí ó bá ní i gbọ́dọ̀ máa lo fólíìkì ásíìdì, kí ó máa lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ibà dá a wólẹ̀, kí ó sì máa rí dókítà déédéé. Oògùn hydroxyurea, tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí láti ọdún 1998 fún àwọn àgbàlagbà tí ó ní àrùn náà, tí a sì ń fún àwọn ọmọdé pẹ̀lú báyìí, máa ń dín ìrora tí ó ń kọlu aláìsàn kù, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń lò ó, a sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ń lò ó wò lóòrèkóòrè. Òbí tí owó tí ń wọlé fún un kò tó nǹkan yóò ra ti oṣù yìí, kò sì ní lè ra ti oṣù tí ó ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ lásán kò lè gbé irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí ẹ̀bẹ̀ ti pọ̀ lórí fóònù gbogbo wa títí ọkàn àwọn ènìyàn fi ti yigbì sí i. Gbàǹjo yàtọ̀: olówó yóò rí nǹkan mú relé, ẹni tí kò lówó ṣùgbọ́n tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ yóò sì rí àyè ṣe ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀ láìtẹ́ lójú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a sì ti mọ̀ látilẹ̀wá ni. Ní ọjọ́ ìkórè ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Yorùbá, wọn a gbé iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àkùkọ adìyẹ síwájú ìjọ, ẹni tí ó ń lu gbàǹjo a bẹ̀rẹ̀ sí í pe iye, ẹnì kan a sì ra iṣu kan ṣoṣo ní iye tí kò sí ọjà tí wọ́n ti lè tà á bẹ́ẹ̀, a sì tún dá a padà kí wọ́n tún un tà fún ẹlòmíràn. Mo ti ro ohun tí ó ń mú kí èyí máa yọrí sí rere, mo sì gbà pé kì í ṣe ẹnu dídùn ẹni tí ó ń lu gbàǹjo nìkan. Gbogbo ìjọ ni ó gbọ́ iye tí wọ́n pè, gbogbo wọn ni ó rí ẹni tí ó rà á, wọ́n sì mọ àpótí tí owó náà wọ̀. Lórí WhatsApp, kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí àfi èyí tí àwọn olùṣètò bá fi òfin gbé kalẹ̀. Inú èrò yìí ni gbogbo ohun tí a ṣe ti jáde.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra nǹkan máa fi iye tí ó dá ránṣẹ́ sí èmi nìkan ní ìkọ̀kọ̀, kí ojú má baà ti ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Mo lóye ìdí wọn, síbẹ̀ mi ò gbà. Iye tí ẹnì kan ṣoṣo rí kì í ṣe gbàǹjo mọ́, kò sì sí bí mo ṣe lè fi hàn ẹni tí kò rí ọjà náà gbà pé ẹlòmíràn ti dá owó tí ó ju tirẹ̀ lọ lóòótọ́. A fi ẹnu kò pé ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni a ó ti máa dá iye, lábẹ́ àwòrán ọjà náà gan-an, kí ó má baà sí pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ àdìrẹ tí ẹlòmíràn rò pé ìlù ni. WhatsApp gba ènìyàn láyè láti yí ohun tí ó kọ padà láàárín ìṣẹ́jú 15, nítorí náà a ṣe é ní òfin pé iye tí ó bá ní àmì àyípadà lára kò ní ka nǹkan, kí ẹni tí ó kọ ọ́ tún òmíràn kọ. Akọ̀wé wa a sì máa kó gbogbo iye tí ó ga jù lọ jọ ní alaalẹ́, pẹ̀lú orúkọ àti wákàtí, sí orí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn lè rí. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé náà tọkàntọkàn, nítorí òun ni kò jẹ́ kí àríyànjiyàn kankan gbèrú.

A yan ọjọ́ 19 oṣù kẹfà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìparí, nítorí ọjọ́ náà ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àrùn yìí. Ó tún bọ́ sí àkókò tí aago Nàìjíríà àti ti Lọ́ńdọ̀nù bára mu, ó sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2021. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni a fi í sí. Ìgbà yẹn, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Niu Yọ́ọ̀kì, agogo mẹ́ta ọ̀sán sì ni ní Houston, kò sí ẹni tí ó nílò láti jí ní òru. Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré: lórí eBay, ọjà gbàǹjo orí ayélujára, bí wákàtí bá ti pé, ọjà ti pa, àwọn mìíràn a sì fara pamọ́ títí ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn kí wọ́n tó dá iye. Èyí lè dára fún ẹni tí ó ń wá ọjà pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n nínú gbàǹjo àánú, ẹnu àwọn ọmọ ni a ti ń yọ owó náà. Àwa sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá dá iye tuntun nínú ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó kẹ́yìn, ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn ni a ó fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí gbogbo ènìyàn yóò fi dákẹ́.

Náírà ni a fi dá gbogbo iye. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa pinnu, owó tí ẹni tí ó wà ní Ìlú Ọba dá ní àárọ̀ lè ti di iye mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà a mú iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, a sì lò ó títí dé òpin. Ṣùgbọ́n èyí kò tán ìṣòro tí ó wà nídìí rẹ̀, pé pọ́ọ̀n àti dọ́là lè gba gbogbo ọjà mọ́ àwọn tí ó wà nílé lọ́wọ́. A gbà kí àwọn tí ó bá fẹ́ pa owó pọ̀ ra nǹkan gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan, bí a ṣe máa ń ṣe nínú àjọ, a sì rí i dájú pé ọjà tí iye ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ga pọ̀ díẹ̀. Àwọn olùkọ́ mélòó kan ní Ìbàdàn pa owó wọn pọ̀ ra igbá fínfín kan tí a gbẹ́ ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì borí ẹnì kan tí ó wà ní Manchester. Inú mi dùn sí i púpọ̀.

Ti ọjà gan-an ni ó gba èrò jù lọ. Aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn ni ó kọ́kọ́ wọlé, sányán, àlàárì àti ẹtù. Ẹni tí ó bá mọ aṣọ mọ̀ pé sányán àtijọ́, òwú tí a ń rí lára ilé kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun ún, pé èyí tí ó pọ̀ lọ́jà báyìí sì jẹ́ òwú ọjà tí a pa láró kí ó lè jọ ọ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú aṣọ tuntun, àbòsí ni ó burú, a sì ní kí gbogbo ẹni tí ó mú aṣọ wá kọ irú òwú tí ó wà lára rẹ̀ sílẹ̀. Ní ti àdìrẹ, a béèrè àwòrán ojú aṣọ àti ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ojú kan ṣoṣo ni aláró máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà sí nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í fara jọ ti aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀. Àdìrẹ kan tí ó ní ọnà Ìbàdàn Dùn, pẹ̀lú àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó lára rẹ̀, ni àwọn ènìyàn du jù nínú gbogbo aṣọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níhìn-ín nípa àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ti di àṣà pé bí ẹgbẹ́ bá ti ní ohun rere láti ṣe, ahunṣọ àti aláró ni wọn yóò kọ́kọ́ bẹ̀ kí ó mú iṣẹ́ wá lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kò ní mú owó oṣù rẹ̀ wá. Aṣọ òkè kan lè gba ahunṣọ ní ọjọ́ púpọ̀ lórí òfì, owó òwú sì ti ga. A pinnu pé a ó san owó òwú àti owó aró fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbàǹjo, kí ó jẹ́ pé agbára rẹ̀ nìkan ni ó fi tọrẹ. Àwọn kan sọ pé èyí yóò dín owó àwọn ọmọ kù. Ó dín in kù díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò rí bí a ṣe lè fi ebi ìdílé kan wo àìsàn ìdílé mìíràn.

Ẹnì kan fi ère ìbejì kan lọ̀ wá, èyí tí ó ti pẹ́ nínú ìdílé wọn. Mo mọ̀ pé àwọn olùkójọ iṣẹ́ ọnà ní òkè òkun yóò san owó ńlá lé e lórí, ṣùgbọ́n a kò gbà á. Òfin ọdún 1979 tí ó dá àjọ tí ó ń mójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà sílẹ̀ kò gbà kí a kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ, ó sì fi ààlà sí ríra àti títà wọn. Yàtọ̀ sí òfin, ọmọ tí ó kú ni wọ́n gbẹ́ ère náà fún, ìyá rẹ̀ sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ọmọ. Ibi tí ó yẹ ẹ́ ni ọwọ́ ìdílé rẹ̀.

Ohun tí ó sì mú owó wọlé jù kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ mú. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ tí ó mọ oríkì púpọ̀ sọ pé òun yóò ki ẹni tí ó bá borí, láti orí ìran olúwa rẹ̀ dé orí olúwa rẹ̀ gan-an, òun yóò sì gbà á sínú fóònù fún un. Àwọn tí a bí ní òkè òkun, tí wọn kò gbọ́ oríkì wọn rí láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, dá owó lé e títí a fi sún ìparí síwájú léraléra. Kò nílò owó ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹrù aṣọ òkè wúwo, a sì ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí ó bá rà á ni yóò san owó tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó kan owó. Ẹgbẹ́ wa kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, a kò sì fẹ́ kí owó àwọn ọmọ wọ àpò ẹnikẹ́ni nínú wa, ìbáà ṣe fún ọjọ́ kan. Àkáǹtì ilé ìwòsàn tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà ni gbogbo olùrà san owó sí ní tààrà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a fún ọjà kọ̀ọ̀kan, akápò wa sì ń fi àkọsílẹ̀ wa wé ti ọ́fíìsì ìṣirò owó wọn. Nítorí aláàtì èké tí ó pọ̀ lóde, a kò fi ọjà ránṣẹ́ nítorí àwòrán ìsanwó tí ẹnikẹ́ni fi hàn wá. Ìgbà tí ilé ìwòsàn bá sọ pé owó ti wọlé ni ọjà tó gbéra. Àwọn tí ó wà ní Ìlú Ọba béèrè nípa Gift Aid, ètò tí ìjọba wọn fi ń fi ìdámẹ́rin kún ẹ̀bùn tí ènìyàn fi fún àwọn àjọ aláàánú tí ó yẹ, mo sì ṣàlàyé pé ẹ̀bùn ni ètò náà wà fún, kì í ṣe iye tí a fi ra aṣọ, ẹgbẹ́ tí kò sì forúkọ sílẹ̀ bí tiwa kò lè gbà á.

A kò fi àwòrán ọmọ kankan síta, a kò sì dárúkọ wọn. Àwọn kan rò pé ojú ọmọ tí ń sunkún ni yóò mú kí àwọn ènìyàn dá owó púpọ̀. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò wá iṣẹ́, yóò sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó láàárín àwọn ènìyàn tí ó máa ń béèrè àbùdá ẹ̀jẹ̀ (genotype) kí wọ́n tó béèrè orúkọ, kò sì yẹ kí fóònù àwọn àjèjì ti sọ ìtàn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá borí ní wákàtí 48 láti sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí iye rẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀, ní iye tí òun fúnra rẹ̀ dá. A lo òfin yìí láìbá ẹnikẹ́ni jà, nítorí gbogbo wa ti kà á kí ọjà àkọ́kọ́ tó jáde. Ilé ìwòsàn náà sì ti gbà láti máa fi àkọsílẹ̀ oògùn tí wọ́n rà ránṣẹ́ sí wa ní oṣooṣù, láìsí orúkọ ọmọ kankan nínú rẹ̀, títí owó náà yóò fi tán, akápò a sì máa gbé e síwájú ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.