Owó iná Band A yìí, ọrùn ta ló wà gan-an?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bẹ àwọn DisCo, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, pé kí wọ́n gbé wa sí Band A, ìpele tí iná rẹ̀ pọ̀ jù tí owó rẹ̀ sì wọ́n jù? Láti oṣù kẹrin 2024 tí NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iná, ti gbé owó yúnìtì kan láti bíi náírà 68 lọ sí 225, kò sí ọ̀rọ̀ míì ládùúgbò wa mọ́. Wọ́n kúkú yọ díẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó yá, ó bọ́ sí 206.80, kò pẹ́ náà ló tún gbérí, ẹ̀rín ló ń pa mí o. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí, tiwa kì í sábà pé bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí iná bá ti dé báyìí mítà á kàn máa jẹ owó lọ ni.

Tẹ́ẹ bá bi àwọn DisCo, wọ́n á ní gáàsì tí wọ́n fi ń pèsè iná ni, pé dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé e, náírà sì ti já wálẹ̀ látọdún 2023. Ìjọba á ní sọ́bsídì, owó tí àwọn ń bá wa san lórí iná, ló pọ̀ jù. Adelabu, ọmọ Ìbàdàn tiwa tó jẹ́ mínísítà iná lọ́dún 2024, ní tiẹ̀ sọ nígbà yẹn pé torí iná ò wọ́n la ṣe ń fi fírísà sílẹ̀ tan! Háà.

Èmi ò gba gbogbo àlàyé yẹn. Nígbà tí wọ́n ta PHCN, NEPA àtijọ́, lọ́dún 2013, ìjọba ṣì mú ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dání nínú àwọn DisCo yìí, ṣé ẹni tó jọ ni ṣọ́ọ̀bù ló wá ń bá wa bú ọlọ́jà?

Ìyá tó ń ta piọ̀wọ́tà lójú títì wa ti pa fíríjì, ó ní ẹni tó bá fẹ́ tútù kó lọ bá DisCo.