Ẹ Má Yọ́ Fi Ọmọ Sílẹ̀ Lọ Ilé Ìwòsàn

Òbí tó ń ti Ìkòròdú lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó, nítorí àìsàn kídìnrín, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 4 lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 tó bẹ̀rẹ̀, ó ti gbọ́dọ̀ jáde nílé. Ọ̀pọ̀ òbí a máa yọ́ lọ kí ọmọ má baà sunkún. Ohun tí mo kọ́ ni pé yíyọ́ lọ yẹn gan-an ló ń já ọmọ láyà. Tó bá jí tí kò bá yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì kò ní fẹ́ sùn mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni yóò máa ṣọ́.

Ẹ sọ fún un lálẹ́: ibi tí ẹ ń lọ, ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́, ìgbà tí ẹ máa dé. Aago kò yé ọmọ kékeré, ẹ sọ pé, "Tóo bá jẹun alẹ́ tán, màá ti dé." Tí ọkọ̀ bá há, ẹ pè é. Ẹ má ṣèlérí ìwòsàn fún un o. Ẹ ṣèlérí ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ ọdún 3 sí 7 tètè máa ń rò pé òun lòun fa àìsàn. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa: "Ìwọ lo máa fi ẹ̀jẹ̀ ríru pa mí!" Ọmọ gbà á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Àkọ́bí tó ń pọnmi, tó ń dáná, tó ń fún yín lóògùn, tí gbogbo àdúgbò ń yìn, ẹ ṣọ́ ọ dáadáa. Iṣẹ́ kan péré ni kó jẹ́ tirẹ̀, kó sì yé e yékéyéké. Bí àtọ̀gbẹ bá ni: tí bàbá bá ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tó sì ṣì lè gbé nǹkan mì, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù: kó fún un ní ṣúgà ṣíbí tíì 3 sí 4 nínú omi, kó dúró ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tún ṣúgà ara yẹ̀ wò. Tó bá dákú, kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kó ké sí aládùúgbò, kó pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó. Ẹ̀rù kì í ba ọmọ tó mọ ohun tó máa ṣe bíi ti ẹni tó kàn ń wò.

Tí ọmọ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, tí inú ń run ún láràárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, tàbí tó ń dìde lóru wá wò ó bóyá ẹ ṣì ń mí, tó sì ti ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ẹ sọ fún tíṣà rẹ̀ àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín.