Kí Ẹ Tó Da Àwọ̀n Sínú Odò Erékùsù

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìwádìí ẹja, àwọn kan nínú yín ti bi mí pé báwo la ṣe ń rí ẹja tí kò wọ́pọ̀ nínú odò àwọn erékùsù ilẹ̀ olóoru. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kí n gbé àwọ̀n sílẹ̀ ná, kí n wádìí bí erékùsù náà ṣe débi tó wà. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ irú ẹja tó lè wà nínú omi rẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ ó ti mọ apá ibi tó yẹ kí ẹ ti wá a.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Òkè ayọnáyèéfín ló bí erékùsù Bioko, tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Po. Òkè ayọnáyèéfín náà ló bí erékùsù São Tomé. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkun fà sẹ́yìn láyé òtútù ńlá, Bioko so mọ́ ilẹ̀ Kamẹrúùn, àwọn ẹja odò sì rí ọ̀nà gbà wọ ibẹ̀. São Tomé kò so mọ́ ilẹ̀ kankan rí. Ẹja tí ẹ bá bá nínú odò rẹ̀, òun tàbí àwọn baba ńlá rẹ̀ la òkun kọjá ni. Ẹni tó bá ń wá irú ẹja odò tó ti Kamẹrúùn wọ Bioko kiri ní São Tomé máa pa dà lọ́wọ́ òfo, odò ibẹ̀ á sì kún fún ohun tí kò wò.

Àwọn tó ń la òkun kọjá yìí ni mo fẹ́ràn jù. Sicydium bustamantei wà ní São Tomé, Sicyopterus lagocephalus wà ní Réunion, erékùsù kan nínú Òkun Íńdíà, àwọn ìbátan wọn sì wà títí dé Hawaii. Ara òkúta inú odò ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Bí ẹyin bá ti pa, omi á gbé ọmọ lọ sí òkun, bí kò bá sì tètè dé inú omi iyọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kú nìyẹn. Á lo oṣù mélòó kan nínú òkun kó tó wọ ẹnu odò, ó sì lè jẹ́ odò tó jìnnà gan-an sí ti ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni yóò wá máa gun òkè. Lẹbẹ méjì tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ rìbìtì bí ìdérí ìgò, ìyẹn ló fi ń lẹ̀ mọ́ àpáta. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi ʻAkaka ní Hawaii ga tó mítà 135, síbẹ̀ ọmọ Lentipes concolor tí kò gùn tó ìka ọwọ́ ń gùn ún dókè.

Ẹ tún wo ẹnu Sicyopterus stimpsoni. Nígbà tó bá ń ti òkun bọ̀, iwájú orí ni ẹnu rẹ̀ wà. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 2 tó bá wọ odò, ẹnu náà á ti sún lọ sí abẹ́ orí, kó lè máa há ewéko tó bo òkúta jẹ. Ẹnu yìí kan náà ló fi ń gun àpáta: á fi ẹnu lẹ̀ mọ́ ọn, á fa ara sókè, á fi lẹbẹ dì í mú, á tún fi ẹnu gba iwájú. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá mú ọ̀kan lónìí tó sì mú èkejì lọ́túnla lè ka irú ẹja kan ṣoṣo sí irú méjì.

Nítorí náà, ẹ gun òkè kọjá ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi, níbi tí ẹja ńlá kò lè tẹ̀ lé wọn dé. Ẹ fi awò inú omi bojú, ẹ dọ̀bálẹ̀ sínú ìṣàn, kí ẹ sì ní sùúrù. Akọ Lentipes concolor dúdú níwájú, ó pupa yòò lẹ́yìn. Abo rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan tó ń fa ojú mọ́ra. Bí ẹ bá sì rẹ akọ náà sínú ọtí líle kó má bàa jẹrà, gbogbo pupa yẹn á ṣí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láàyè. Ẹ mú akọ àti abo, ẹ gé lẹbẹ díẹ̀ fún àyẹ̀wò DNA, ìyẹn èròjà àjogúnbá inú ara, kí ẹ tó máa ka ìpẹ́.

Kí ẹ sì bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀. Ní Réunion, ẹnu odò ni wọ́n ń dẹ ìgèrè sí láti kó ọmọ ẹja tó ń ti òkun bọ̀, tí wọ́n ń pè ní bichiques, owó gọbọi ni wọ́n sì ń tà á. Àwọn yẹn mọ àkókò tó ń wọlé ju ìwé èyíkéyìí lọ.

Madagásíkà yàtọ̀ pátápátá. Ara ilẹ̀ Áfíríkà ló ti já kúrò láyé àtijọ́, àwọn kan nínú ẹja rẹ̀ kò sì sí níbòmíràn ju odò kan ṣoṣo lọ. Ìbátan epìyà ni Ptychochromis insolitus, odò Mangarahara ni ilé rẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n fún un lórúkọ nínú ìwé ìmọ̀. Wọ́n dí odò náà nítorí omi oko, ó sì gbẹ. Nígbà tó fi di 2013, akọ nìkan ló kù lọ́wọ́ àwọn ọgbà ẹranko ìlú London àti Berlin, ni wọ́n bá kéde pé ẹni tó bá ní abo kó dákun yọjú. Oníṣòwò kan ní Madagásíkà ló dá wọn lóhùn pé òun mọ ẹja náà. Wọ́n lọ, wọ́n sì rí díẹ̀ nínú ẹ̀ka odò kan tó ti já kúrò lára odò ńlá. 18 ni wọ́n kó lọ síbi tí wọ́n ti ń sin ẹja nínú orílẹ̀-èdè náà.

Ọdún 7 péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ àti ìgbà tí wọ́n ń wá abo rẹ̀ kiri. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí lọ́jọ́ tí ẹ bá jókòó láti kọ ìwé nípa ẹja tiyín. Ẹ kọ iye ìpẹ́ àti egungun lẹbẹ rẹ̀, kí ẹ sì tún kọ ibi tí odò náà ń gbẹ dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ń fa omi rẹ̀ àti ohun tó ń fi í ṣe, àti irú ẹja àjèjì tí wọ́n ti dà sínú rẹ̀. Inú ìwé kan náà tí ẹ fi sọ ẹja náà lórúkọ ni kí ẹ kọ ọ́ sí.