Ìka méjì ni mo fi sílẹ̀ ní Idu, wọ́n ní kí n wá máa ṣọ́ géètì

Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Abuja. Mararaba ni mò ń gbé, níbi tí ilẹ̀ Nasarawa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí owó ilé inú ìlú ju agbára kápẹ́ńtà lọ. Idu ni ibi iṣẹ́ mi wà, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni ayùn oníná ti gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ìfábẹ̀lá àti èyí tó tẹ̀ lé e.

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ọmọ Katsina kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ fi di ọwọ́ mi, tó ń sọ pé "Sannu, sannu" títí a fi dé ọsibítù. N kò ní gbàgbé rẹ̀ láyé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí egbò jinná ló mú mi kọ èyí. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé mo lè padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí n má ṣe fi ọwọ́ yẹn gbé ohun tó wúwo. "Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́" yìí ni ilé iṣẹ́ gbá mú. Wọ́n ní kí n lọ máa ṣọ́ géètì, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀. ₦110,000 ni mò ń gbà lóṣù tẹ́lẹ̀. Ti géètì jẹ́ ₦45,000. Wọ́n tún gbé ìwé kan síwájú mi: wọ́n á fún mi ní ₦150,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò sì ní béèrè owó gbà-má-bínú kankan mọ́ láéláé.

Ó rọrùn fún ẹni tó wà láàárín ẹbí rẹ̀ láti sọ pé òun kò gbà. Ní ìlú onílùú ńkọ́? Owó ilé ti tó san, owó ilé ìwé àwọn ìbejì wà nílẹ̀, kò sí ẹ̀gbọ́n tí mo lè sá tọ̀. Mo ti mú bírò. Ọwọ́ òsì ni mo fi mú un, n kò sì tíì mọ ọwọ́ náà fi kọ̀wé, ìyẹn gan-an ló dá mi dúró. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi han ìyàwó mi.

Ìyá Ìbejì ní kí n gbé e lọ sí ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa ní Nyanya lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n kà á tán, wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Ọmọ mi, ta ló ní kí o ta ẹ̀tọ́ rẹ? Òfin ò tilẹ̀ gbà kí o tà á."

Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ni wọ́n ń sọ, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin yìí ló ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó gbà-má-bínú náà, ń bójú tó, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda owó gbà-má-bínú òun, òtúbáńtẹ́ ni ìwé náà. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi ìjàǹbá tó ọ̀gá rẹ̀ létí, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, àyè ọdún kan sì wà láti béèrè owó. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìjàǹbá ni mo wà nígbà náà. Mo mí kanlẹ̀.

Bàbá ní bó bá jẹ́ apá kan agbára èèyàn ló lọ, wọ́n á wo iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n á wo iye tó ń gbà báyìí tàbí iye tó lè rí nídìí iṣẹ́ tó bá a mu, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo yẹn sì ni wọ́n á máa san. Iṣẹ́ tó bá a mu! Géètì ilé iṣẹ́ wa, irin ńlá ni, ọwọ́ méjèèjì ni mẹgáàdì fi ń fà á. Ṣé ohun tí dókítà kọ nìyẹn? Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ igi. Bí mo bá gbé pákó lé àtẹ́lẹwọ́, mo mọ̀ bóyá ó ti gbẹ dénú. Ayùn kò gé ìyẹn lọ́wọ́ mi. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìwé dókítà wà lọ́wọ́ mi. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ pákó tó ń ti Dei-Dei wọlé wò, ní ₦75,000. Iṣẹ́ yẹn bá mi mu, inú mi sì dùn sí i.

Ìgbà tí mo gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ kọ sí NSITF nípa mi ni inú mi bàjẹ́. ₦70,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó jẹ́ owó oṣù mi. Wọ́n ní àjẹmọ́nú ni ₦40,000 yòókù, bẹ́ẹ̀ oṣooṣù ló ń wọlé, lẹ́ẹ̀kan náà, sínú àkáǹtì kan náà. Bí a bá ṣírò rẹ̀ láti orí ₦110,000, àlàfo jẹ́ ₦35,000, ìdá 90 rẹ̀ sì jẹ́ ₦31,500 lóṣù. Bí a bá ṣírò rẹ̀ láti orí ₦70,000, kò sí àlàfo kankan. Á dà bí ẹni pé ìka tó gé ṣe mí lóore. Ìyá Ìbejì sunkún nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Mo ti lọ báńkì, mo ti gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì oṣù méjìlá, mo sì ti fi sínú fáìlì. Bí ìpinnu NSITF kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo lè ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà National Industrial Court wà, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn NSITF ní kí n padà wá. Ọmọ Katsina yẹn ní òun á bá mi lọ, nítorí iye kan náà ni wọ́n ń san fún àwa méjèèjì, alẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sì wà lórí fóònù rẹ̀.