Bó Ṣe Ìlà Kan Péré, Ẹ Kọ Ọ́ Lọ́jọ́ Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ìwé tuntun láìmọye ìgbà pé ẹ fẹ́ máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹ kọ ojú ewé àkọ́kọ́ dáadáa, tí ẹ wá pa á tì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ọjọ́ tí inú yín bá bàjẹ́ jù, tí ọwọ́ yín kò fẹ́ di bírò mú rárá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Ìlà kan. Kí ẹ sì lọ sùn. Àwọn nǹkan yòókù tí mo máa mẹ́nu bà wúlò, ṣùgbọ́n èyí ni mo lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà.

Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ayétòrò. Ìgbà tí bàbá mi kú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lójoojúmọ́, nítorí ó kú tán ni mo rí i pé ìtàn ilé wa tó máa ń sọ fún wa, ìdajì rẹ̀ ti dàrú mọ́ mi lórí. Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni wá, ọmọ àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó síbí nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ àti Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní 1854 wà nínú ìwé títí dòní. Ohun tí àwọn ìyá ńlá wa sọ nínú ilé lọ́jọ́ náà, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Ìyẹn ló ń dùn mí. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mo gbọ́, ohun tí mo rí, ẹni tó wá rán aṣọ, ohun tí ìyá mi sọ nígbà tó ń yan ẹja.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí bí n kò bá sọ ọ́, ẹ̀kọ́ yìí kò ní yé yín. Ó ṣì ń ta mí lára.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá yìí, nígbà tí gbogbo ọmọ ilé ti wálé fún Káyó-káyó, ọdún àwa Èkó-Ẹ̀pẹ́, wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà lágbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ́jú mọ bó ṣe rí báyìí: ibi tí a ti ń ṣẹ́gi ìdáná ní kékeré, ẹnu kò ṣeé fi dárúkọ owó rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ń sùn lọ́sẹ̀ yẹn nítorí ara rẹ̀ kò yá, ìwé mi sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹnìkan nínú àwọn ọmọ ilé wọ yàrá lọ mú un. N kò mọ̀. Mo jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin ilé, mo ń rẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́kún, àfi bí mo ṣe rí i tí àbúrò bàbá mi fa ìwé kan yọ lábẹ́ agbádá. Ẹ̀yìn ìwé náà pupa. Àyà mi já.

Ó fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá sílé wa láàárín oṣù kan, oníkálukú mú rìsíìtì dání, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì tà fún àwọn méjèèjì. N kò dárúkọ ẹni tó tà á. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ, mo sì kọ déètì sí i, bí mo ṣe ń kọ déètì sí ohun gbogbo. Wọ́n ní mò ń kó ẹ̀sùn jọ de ẹbí. Wọ́n ní ta ló rán mi, lọ́yà wo ni mo fẹ́ gbé e fún. Ọ̀kan ní obìnrin tó ti wà nílé ọkọ, kí ló kàn án nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ fèsì, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n dákẹ́.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ó ṣì ń ṣí ìwé náà, bóyá ó ń wá ibi tí orúkọ tirẹ̀ wà. Ibi tó ṣí kàn ni ibi tí mo kọ nípa oyún tó bàjẹ́ lára mi. Ó kà á sókè. Ohùn tó fi ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ló fi kà á: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà nídìí ẹ̀rọ, orúkọ tí mo ti ń fi pe ọmọ náà ní kọ̀rọ̀, bí mo ṣe sọ fún oníbàárà pé inú ló ń run mí, tí mo sì parí aṣọ rẹ̀ kí n tó lọ sí ọsibítù. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀. Ìyá mi kò mọ̀. Ẹnu àbúrò ọkọ rẹ̀, lójú gbogbo ilé, ló ti gbọ́ pé ọmọ òun ti lóyún, pé oyún náà sì ti lọ.

Ìyá mi dìde, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Obìnrin tí kò lè dá rìn dé kànga láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, "Ọkọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kà á mọ́." Ọkùnrin náà tún ka ìlà kan sí i. Ìyàwó ilé tó kéré jù lọ, ẹni tí kò tíì lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ẹbí, ló dìde, ó fi ọwọ́ bo ojú ewé náà, ó sì fi ọwọ́ kejì fa ìyá mi dìde. Kí Ọlọ́run bá mi bù kún un. Wọn kò dá ìwé náà padà fún mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ti pinnu pé mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́ láyé mi. Bíráùn pépà tí mo fi ń gé pátánù wà lórí tábìlì, ṣọ́ọ̀kì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "Ìyá mi kúnlẹ̀ nítorí mi lónìí." Mo kọ déètì sí i, mo ká a, mo gba ilé lọ. Ọjọ́ kejì, mo kọ díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, mo ra ìwé mìíràn, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo ìlà kan. Àwọn kan á ní ìlà kan kò lè sọ èèyàn di òǹkọ̀wé. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí a kò bá tẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, òróró inú rẹ̀ á dì. Ẹni tó bá gbọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí aṣọ nídìí rẹ̀. Ká ní mo dúró dìgbà tí ara mi á fi balẹ̀ ni, mi ò bá má tíì mú bírò dòní, torí ara mi kò tíì balẹ̀.

Ẹ so ìwé kíkọ mọ́ ohun tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdí àdúrà Àsùbáà ni mo so tèmi mọ́: bí mo bá ti sàlámà, tí mo ṣe àsíkírì, ìyẹn ìrántí Ọlọ́run lẹ́yìn ìrun, tán, ìwé ló kàn. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ lè so tirẹ̀ mọ́ ìdúró nínú ọkọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọjọ́ 21 ni àṣà tuntun fi ń mọ́ èèyàn lára; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé ènìyàn 96 tó ń kọ́ àṣà tuntun, irú bíi kí wọ́n máa mu omi tàbí kí wọ́n máa sáré lójoojúmọ́. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, ó gba àwọn kan ní ọjọ́ 18 kí ó tó mọ́ wọn lára, ó máa gba àwọn mìíràn tó ọjọ́ 254, àárín rẹ̀ sì jẹ́ 66. Wọ́n tún rí i pé ọjọ́ kan téèyàn pa jẹ kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá sùn lọ láìkọ, ẹ má wulẹ̀ máa san gbèsè àná. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní kí ẹ má pa ọjọ́ ìbànújẹ́ jẹ o, torí ọjọ́ yẹn ló máa ń bí ọjọ́ mìíràn.

Àwọn baba wa náà ṣe é. Àjàyí Crowther kọ ìwé ojoojúmọ́ nígbà tó bá ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí odò Ọya ní 1841, ìrìn àjò tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ lọ. Ẹ rò ó wò, ikú ń mú èèyàn nínú ọkọ̀, ó sì ń kọ̀wé.

Ní ti ibi tí ẹ máa fi pamọ́ sí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gbé nínú yàrá tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa kọ ọ́ sórí fóònù kí n fi pásíwọọ̀dù tì í. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ṣọ́ọ̀bù ni tèmi wà báyìí, láàárín àwọn aṣọ oníbàárà. Ohun tí n kò ní gbà ni pé kí n máa kọ irọ́ sínú ìwé ara mi nítorí ẹni tó lè jí i kà. Mi ò kọ ohun tó lòdì. Wọ́n tún lè kà á lọ́la, èmi á sì tún kọ ọ́.

Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ máa kọ lálẹ́ òní, ẹ kọ déètì, ẹ kọ ibi tí ẹ wà, ẹ kọ ohun kan tí ojú yín rí tàbí ohun kan tí ẹnìkan sọ. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kò bá wá, iye tí mo ra òwú ni mo máa ń kọ.