Ọjọ́ tí mo tú sípíríǹgì ilẹ̀kùn gáréèjì

Mo ti pinnu pé gáréèjì yìí á di ibi iṣẹ́ káfíńtà mi. Ọkọ̀ ti jáde, ó ku ilẹ̀kùn tí mo fẹ́ tú kúrò. Mo gun àkàbà, mo mú screwdriver, mo fẹ́ kì í bọ ihò orí sípíríǹgì. Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta: "Jù ú sílẹ̀! Ṣé ọwọ́ rẹ ti sú ọ ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Sípíríǹgì yẹn ló ń bá wa gbé ìwúwo ilẹ̀kùn, ìgbà tí ilẹ̀kùn bá sì wà ní títì ló máa ń le jù. Bí screwdriver bá yọ̀, ojú tàbí ọrùn ọwọ́ ló máa bá.

A yọ iná ẹ̀rọ tó ń ṣí i, a sì de ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin. Ọ̀pá irin méjì tó ṣe rẹ́gí ihò náà la lò. Mo ki ọ̀kan wọlé títí ó fi kan ìsàlẹ̀, mo dì í mú, ẹ̀gbọ́n mi wá tú bóòtù kéékèèké tó de sípíríǹgì mọ́ irin gígùn tó gba inú rẹ̀ kọjá.

Háà! Gbogbo agbára rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdá kan nínú mẹ́rin yípo ni mo ń tú u lẹ́ẹ̀kan, kí n ki ọ̀pá kejì bọ ihò mìíràn, kí n tó yọ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni mo dúró sí, mi ò gbé orí síwájú rẹ̀ rárá. Mo kà á dé 30 kó tó rọ̀.

Ilẹ̀kùn tí mo ń fi ọwọ́ kan gbé tẹ́lẹ̀ wá wúwo bí àpáta. Pátákó kọ̀ọ̀kan la tú u, láti òkè wá. Èjìká ṣì ń ro mí.